Ìlà Tí Mo Fò

Kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí ní Minna, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú ẹlòmíràn rí nítorí tèmi. Ìlà ọ̀rọ̀ kan ni mo fò. Kò gùn rárá, ọmọ kékeré lè sọ ọ́ tán kó tó mí. Mo fò ó nítorí mo rò pé mo gbọ́n ju ẹni tó ń pè é fún mi lọ. Nígbà tí wọ́n wá bi mí léèrè, mo purọ́. Fífò tí mo fò ó, ẹ lè bá mi pè é ní àṣìṣe. Irọ́ yẹn kì í ṣe àṣìṣe.

Ìkirun ni mo ti wá. Àwọn tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù máa ń ní àwọn wà lókè òkun. Èmi, odò Ọya nìkan ni mo kọjá, síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé Minna, kò sí òkun tó lè jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú mi. Oòrùn ibẹ̀ kì í ràn, ńṣe ló ń báni jà. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ nílé sì di odi lójijì. Hausa ni wọ́n fi ń tajà, òun ni wọ́n fi ń rà á, òun náà ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Kódà àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀, tí o bá kí wọn ní Yorùbá, Hausa ni wọ́n á fi fèsì, wọ́n á wá máa wò ọ́ bí ẹni pé ìwọ lo ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹnì kan ti kọ́ mi pé ohunkóhun tí wọ́n bá ti fi kí mi, kí n ṣáà dáhùn pé "lafiya lau", àlàáfíà ni. Mo di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni di okùn mú nínú kànga. Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan tó ń ta tòmátò lọ́jà Kure bi mí pé, "Ya sunanka?" Orúkọ mi ló ń béèrè. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Lafiya lau." Títí di òní, bí mo bá ń kọjá, á na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn agbọ̀n tòmátò rẹ̀: "Lafiya Lau! Sannu!" Gbogbo ọjà yẹn ló mọ̀ mí sí Lafiya Lau. Mi ò tíì rí ẹni tó bi mí ní orúkọ tí ìyá mi sọ mí.

Àǹtí Bùsọ́lá ló gbà mí síṣẹ́. Ará ìlú wa ni, ọkọ rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, òun sì ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà. A máa ń tẹ lẹ́tà, a máa ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń gbọ́ bùkátà ṣọ́ọ̀bù ni ìwé ìdánwò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa ń kó wá. Ìwé tèmi dúró sí kíláàsì karùn-ún girama. Ìṣirò ló dá a dúró. Bí ìṣirò bá ń bọ̀ lọ́nà kan, èmi a gba ọ̀nà kejì.

Ìṣirò náà ni mo sì lọ bá nídìí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù yẹn. Tísà tó ti fẹ̀yìntì ni, ọmọ Ìlọrin tó ń gbé ní àdúgbò Limawa, Bàbá Kọ́ḿpáàsì ni gbogbo ayé ń pè é. Tí a bá tẹ ìwé ìdánwò ìṣirò tán, a máa ń fi àyè sílẹ̀ níbi tí àwòrán yẹ kó wà. Bàbá á wá ṣí agolo rẹ̀, á mú kọ́ḿpáàsì, rúlà àti pẹ́ńsù jáde, á sì fi ọwọ́ yà á. Òbíríkítí tó bá yà, ẹ máa rò pé abọ́ ló da ojú rẹ̀ dé tó fi yà á. Láàárọ̀, òun ló ń ra koko àti kosai wá, ìyẹn ògì gbígbóná pẹ̀lú àkàrà. Òun náà ló ń pín in.

"Mẹ́ta fún ẹni tó mọ ìṣirò, méjì fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mélòó ni mo fi jù ọ́ lọ?"

"Ẹyọ kan, sà."

"Háà! Ó ti ń mọ̀ ọ́n." Á sì ju ẹyọ kan náà sẹ́nu.

Nílé, bàbá mi ti kú kí n tó mọ bí a ṣe ń pín àkàrà. Mi ò sọ ìyẹn fún Bàbá rí. Mo kàn máa ń tètè dé ṣọ́ọ̀bù ni.

Ọdún kejì mi ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ojú rẹ̀ náà ń ṣú. Òbíríkítí rẹ̀ wá ń gùn bí ẹyin. Àǹtí kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i, bí Bàbá bá ti jáde lọ kírun, á mú írésà, á máa nu ẹ̀gbẹ́ ìlà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ.

Àgùnbánirọ̀ kan tó wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ wa ló yọ wá. Ó fi ètò kan hàn wá lórí kọ̀ǹpútà. Èèyàn kì í fi ọwọ́ yàwòrán níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ń kọ sí i. Kọ ọ́ pé onígun-mẹ́ta kan wà, pé A àti B àti C ni orúkọ àwọn igun rẹ̀, pé igun B dúró ṣánṣán. Tẹ bọ́tìnnì, àwòrán á jáde, ìlà rẹ̀ á gún régé. Ohun tí o bá sọ fún un ni yóò ṣe. Èyí tí o kò bá sọ, òun fúnra rẹ̀ ló máa yan ibi tó máa fi í sí. Tí èyí tó jáde ò bá wù ọ́, tún un tẹ̀, á fún ọ ní òmíràn, bí aláṣọ tó ń tú ẹrù sílẹ̀ títí oníbàárà á fi sọ pé, "Ìyẹn gan-an."

Bàbá gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ọ̀rọ̀ ló ń fẹ́, kò fẹ́ ọwọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Alhamdulillahi. Ọ̀rọ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́nu mi."

Bí iṣẹ́ wa ṣe yí padà nìyẹn. Òun á máa pè é ní Yorùbá, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ lóyìnbó. Ọjọ́ tí àwòrán wa àkọ́kọ́ jáde, ó fi imú kan gíláàsì kọ̀ǹpútà. "Ta ló yà á?" Mo ní èmi ni. "Ìwọ kọ́. Èmi ni mo yà á, ìwọ ni pẹ́ńsù." Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi.

Aránṣọ ni ìyá mi ní Ìkirun, kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìjẹ́ pé abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mọ́mì, mo ti ń lo ẹ̀rọ tó ń yàwòrán. Téèyàn bá ti sọ bí àwòrán ṣe rí, ó máa yà á."

"Tí mo bá ní kó gé bùbá, ṣé ó máa gé e?"

"Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìwọ̀n fún un. Gbogbo ẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ sọ. Èyí tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ibi tó bá wù ú ló máa gbé e sí."

"Ọmọ iṣẹ́ mi gan-an lo ń júwe yẹn." Mo gbọ́ tó tu abẹ́rẹ́ jáde. "Bàbá Ìlọrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń fún ọ lóúnjẹ?"

"Ó ń fún mi, mà. Méjì méjì."

"Ẹni tó ń fún ọmọ mi ní méjì lókè Ọya, ẹbí mi ni."

Mo máa ń ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn. Tí mo bá lọ sílé lọ́dún, àwọn ọ̀rẹ́ mi á ní, "Ará Òkè Ọya ti dé!" wọ́n á ní kí n sọ Hausa fáwọn gbọ́. Tí mo bá padà sí Minna, "Bayarabe" ni wọ́n ń pè mí, ọmọ Yorùbá. Ìyẹn ni pé ibi tí mo bá wà ni wọ́n ti máa ń sọ fún mi pé ibòmíràn ni mo ti wá. Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń dùn mí ni ọ̀sán Sunday, tí ọjà bá dákẹ́, tí mo bá jókòó sínú yàrá mi, tí mi ò rí ẹni tó máa béèrè bóyá mo ti jẹun. Àárọ̀ Monday ni mo máa ń dúró dè. Bàbá á béèrè.

Àárín ìgbà ìdánwò kan ni mo wá ba nǹkan jẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí Hájíyà ń bójú tó ló ni iṣẹ́ náà. Ọmọ Nupe ni Hájíyà, igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni, ó sì gbọ́ Yorùbá yékéyéké nítorí Ìlọrin ló ti kàwé. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ Bàbá. Wọn kì í tún yẹ àwòrán Bàbá wò ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, ó ti pé nìyẹn.

Kò sí iná lọ́jọ́ náà. Epo inú jẹnẹrétọ̀ ti ń lọ sópin, ẹ̀rọ ń wúkọ́, èmi ń sáré.

"Kọ ọ́," Bàbá wí. "Òbíríkítí kan wà."

"Ó wà, sà."

"Lẹ́tà O ni àárín gbùngbùn rẹ̀."

"O ti jókòó."

"A àti B àti C wà létí rẹ̀. Etí o, kì í ṣe inú."

"Létí, sà."

"Fa ìlà láti A dé B. Ìlà yẹn gba inú O kọjá. Ó gba inú O kọjá o."

Ẹ mọ bí àgbàlagbà ṣe máa ń sọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ó ti tún dé. Ṣebí ó ti sọ pé O wà láàárín? Ìlà tó bá dábùú òbíríkítí, ibo ló tún fẹ́ gbà bí kò bá gba àárín? Èmi tí ìṣirò lé kúrò ní kíláàsì karùn-ún ni mo ń bá Bàbá Kọ́ḿpáàsì ṣàlàyé ìlà.

"Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, sà."

"Fa C dé A. Fa C dé B. Ó tán."

Mo tẹ bọ́tìnnì. Ìlà náà jáde, ó jìnnà sí O. Kò wù mí, mo tún un tẹ̀. Ó bọ́ sí apá kejì. Mo tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, ó wá rọra gba ẹ̀gbẹ́ O kọjá, àlàfo tó wà láàárín wọn ò ju fọ́nrán òwú lọ. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ṣùgbọ́n òwú ti kọjá ohun tí ojú rẹ̀ lè mú.

"Ṣé ó dára?"

"Ó rẹwà, sà."

Ẹ̀rọ kú bí a ṣe tẹ ẹ̀dà tó kẹ́yìn.

Lọ́sẹ̀ kejì ni Hájíyà wọlé wá, ó di ìwé náà mú. Kò kí ẹnikẹ́ni, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀.

"Haba, Baba. Kí lẹ yà fún mi yìí?"

Ó ṣàlàyé, mo sì wá gbọ́ ìṣirò yé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Bí AB bá gba àárín òbíríkítí, igun C gbọ́dọ̀ jẹ́ dìgírì àádọ́rùn-ún, gbogbo ọmọ kíláàsì ló mọ̀ ọ́n. Bí kò bá gbà á, kò sí ẹni tó lè mọ iye rẹ̀ láti inú ohun tó wà nínú ìwé. Àwọn ọmọ tí kò wò ó dáadáa kọ àádọ́rùn-ún, wọ́n sì lọ. Ọmọbìnrin kan, tó mọ̀wé jù nínú wọn, fi rúlà tẹ̀ lé ìlà náà, ó rí i pé kò wọnú O. Ó fi gbogbo àsìkò rẹ̀ wá ìdáhùn tí kò sí. Kò dé ìbéèrè tó kù. Ó sunkún jáde.

"Ta ló ṣe é?" Hájíyà béèrè.

Ojú gbogbo wọn dé ọ̀dọ̀ mi, èmi ni mo wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́: mi ò gbàgbé. Mo rántí ìlà náà, mo rántí ohùn tó fi sọ ọ́, mo rántí ìgbà kejì tó sọ ọ́. Mo ronú pé wọ́n máa dá mi padà sí Ìkirun. Mo ní:

"Bí Bàbá ṣe pè é ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́."

Bàbá gba ìwé náà, ó gbé e dé ẹ̀bá ojú. "Ṣé mi ò sọ pé ó gba inú O kọjá?" Èmi ló ń bi. Mo tẹjú mọ́ lẹ́tà tó wà lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, mo ń kà wọ́n bí ẹni tí kò rí wọn rí.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ṣeé ṣe kí n má sọ ọ́. Lánàá, mo wá gíláàsì mi títí, àṣé ojú mi ló wà." Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

"Baba, ẹ ti gbìyànjú," Hájíyà sọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, èyí ló sì burú jù. "Ẹ lọ sinmi."

Ó kó kọ́ḿpáàsì sínú agolo, ó de ìdérí rẹ̀, ó ní, "Sai an jima," bí ẹni tó máa padà wá láìpẹ́. Kò padà wá.

Mo wá ra kosai fúnra mi láàárọ̀. Márùn-ún. Mo jẹ gbogbo rẹ̀, kò yó mi.

Ìyá mi pè. "Bàbá Ìlọrin ńkọ́?"

"Ó ń sinmi, mà."

"Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Mọ́mì, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa." Nẹ́tíwọ̀kì dáa.

Oṣù méjì kọjá kí n tó lè dé Limawa. Mo ra kosai dání, mo bá a lójúde. Ọmọdébìnrin kan láti ilé kejì dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, irú èyí tí Bàbá máa ń fi ìdùnnú ṣàlàyé. Bàbá kò gba ìwé náà.

"Ọmọ mi, lọ bá ẹni tí orí rẹ̀ ṣì pé."

Mo gbójú sókè. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ tó kọ ọ́ ń gbọ̀n: *Kọ́kọ́rọ́ wà nínú fìlà. Oògùn, ẹ̀ẹ̀mejì. Òní ni Àlàmísì.* Nísàlẹ̀ rẹ̀, tábìlì ìsọdipúpọ̀ ti méje, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tísà ìṣirò ti ń dán ara rẹ̀ wò.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kosai fọ́n ká.

"Bàbá, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́. Èmi ni mi ò kọ ọ́."

Kò mira. "Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"O rí i pé ó dáa kéèyàn máa sọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì?" Ó wá pariwo sínú ilé, pé kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́: "Ìyá Káfáyà! Gbé omi àti àkísà jáde! Orí mi pé! Ẹ bá mi nu ògiri yìí!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé. Lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Oṣù méjì," ó sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Oṣù méjì ni mo fi ń bẹ̀rù orí ara mi." Mo bú sẹ́kún.

Ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tísà.

"Nígbà tó o kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ibo ni ìlà yẹn wà?"

"Ó jìnnà sí O, sà."

"Ẹ̀ẹ̀kejì?"

"Ó bọ́ sápá kejì."

"Ewúrẹ́ tó wà lósì láàárọ̀, tó wà lọ́tùn-ún lọ́sàn-án, ṣé wọ́n so ó?"

"Rárá, sà."

"O rí i tó ń rìn kiri. O dúró dè é títí tó fi dé ibi tó wù ọ́, o wá ya fọ́tò rẹ̀." Ó mi orí. "Níwájú àwọn wo lo ti parọ́ mọ́ mi?"

"Ẹ̀yin, Àǹtí, Hájíyà."

"Ó ku méjì."

Mo sọ ọ́ fún Àǹtí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ju àkísà tó fi ń nu kọ̀ǹpútà lù mí. "Ọmọ Ìkirun! O fẹ́ bà wá lórúkọ jẹ́ dé Òkè Ọya!" Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó fi aṣọ nu ojú. Ó ní kí n lọ mú Bàbá wá, èmi ni kí n gbé agolo rẹ̀ lórí. Mo gbé e láti Limawa dé ọjà Kure. "Lafiya Lau!" ni alátòmátò ń pariwo, "kí lo gbé lórí?" Bàbá ló dá a lóhùn ní Hausa, gbogbo ọjà sì rẹ́rìn-ín. Mi ò béèrè ohun tó sọ.

Báyìí, bí Bàbá bá pè é tán, màá ka gbogbo ìlà padà sí i létí kí n tó tẹ bọ́tìnnì. A ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ohun tí kò yẹ kó rìn bá rìn, a mọ̀ pé a ò tíì so ó. Mo ti mọ òbíríkítí. Mo ń bá onígun-mẹ́rin ṣọ̀rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kosai di mẹ́fà, mẹ́ta mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n Hájíyà ti kúrò ní Minna. Ó ti di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Bida. Àǹtí fẹ́ pè é lórí fóònù kó bá mi sọ ọ́, mo sì ti ń yọ̀ nínú. Mo wá ṣe àṣìṣe kan, mo sọ ọ́ fún ìyá mi.

"Ṣé orí fóònù lo ti parọ́ mọ́ bàbá náà?"

"Rárá, mà. Ojúkojú ni."

"Aṣọ tó o gé bàjẹ́ lójú oníbàárà, orí fóònù lo ti fẹ́ rán an? Bida yẹn, ṣé ó jìn bíi Ìkirun?"

"Kò jìn, mà."

"Ó dáa. Má wá sílé kó o tó dé ibẹ̀."

Kò jìn lóòótọ́. Ohun tó ń tì mí lójú jù nìyẹn. Mo ti tún àwòrán náà ṣe, ìlà gba inú O kọjá, o lè tẹ̀ ẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún kò ní kúrò níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan láti mú un fún Hájíyà, kó lè sọ fún ọmọbìnrin tó ní rúlà yẹn pé òun nìkan ló ríran nínú gbogbo wa, kó sì mọ̀ pé Bàbá kò ṣìnà. Nísàlẹ̀ ìwé náà ni Bàbá fi pẹ́ńsù kọ ìlà tí mo fò sí, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pé oṣù kan tó wà nínú báàgì mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ pọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, òjò ni.

Bàbá kì í bi mí pé kí ló dé. Tó bá ti wọlé láàárọ̀, á gbé kosai kalẹ̀, á wo báàgì mi tó so rọ̀ lára ìṣó, á wá wojú mi.

"Lafiya Lau," á wí, "o ṣì ń fò ó?"

"Mo ṣì ń fò ó, sà."